Àrán Pupa Lórí Àga Màmá

Bí ẹ bá dé Òpópónà Rockey ní Yeoville, nílùú Jóbọ́ọ̀gì, tí ẹ béèrè ọkùnrin tó ń ṣe àga, èmi ni wọn yóò mú yín wá bá. Kì í ṣe pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀ o. Àwọn ará Kóńgò wà, àwọn ará Sìmbábúwè wà, wọ́n ń kan ìṣó, wọ́n ń pariwo. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti àga tí ènìyàn jókòó sí tí kò fẹ́ dìde mọ́, ọwọ́ mi ló wà. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó. Ìwé mẹ́rin yẹn náà ni mo fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó wá jókòó sórí àga mi, kó máa rín in níbẹ̀. Àwọn onílé ńlá ní Randburg, àwọn lọ́yà àti àwọn dókítà tó kàwé débi pé irun tán lórí wọn, èmi ni wọ́n ń fi mọ́tò wá gbé.

Berea, àdúgbò tó wà nítòsí ibẹ̀, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, nínú ilé alájà púpọ̀ kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ti kú kí àwa tó débẹ̀. Ní àjà tó wà nísàlẹ̀ tiwa ni ìyá arúgbó aláwọ̀ funfun kan ń gbé, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn funfun tó wà nílé náà tẹ́lẹ̀. Àwọn Súlú ń pè é ní Gógo, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn. Èmi ń pè é ní Màmá. Ará Rọ́ṣíà ni. Mo sọ fún un pé kó máa pè mí ní Ọ̀gá, ó sì gbà láìjanpata, nítorí pé ó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ṣẹ́ lápá, tèmi ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, àwa méjèèjì sì jọ fi ń tiro lọ. Gbogbo ohun tí mo bá ní ó sọ níbí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, Yorùbá nìkan ni mo fi wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ọ̀rọ̀ àga rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, àti ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí ìròyìn dé. Àwọn kan nínú ilé wa ṣì ń sọ títí di òní pé mi ò ṣe é dáadáa. Ó tó àkókò kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló gun àtẹ̀gùn wá bá wa, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ mi ń bọ̀."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ẹgbẹ́ mi. Wọn kò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí ọkọ ìyá náà ti kú. Ọmọ náà ti ṣe ṣójà rí nígbà èwe rẹ̀, iṣẹ́ títún mọ́tò ológun ṣe ló ń ṣe níbẹ̀. Nísinsìnyí tí ìlú wọn tún wọ ogun, wọ́n ti pè é padà. Ìyá náà kì í pè é ní ogun. Ó ní nílé àwọn, wọ́n ti fún un lórúkọ mìíràn, àti pé orúkọ ọ̀hún ló dára kí ènìyàn máa pè lórí fóònù, nítorí etí ìjọba. Wọ́n ti ṣèlérí ìsinmi fún ọmọ náà, bó bá sì ti gbà á, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Jóbọ́ọ̀gì ni yóò wá. Nítorí náà ló ṣe fẹ́ kí n tún àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ ṣe, kí ó lè sùn sí i bí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi ní, "Ṣé wọn yóò jẹ́ kí ṣójà kúrò nílùú lójú ogun ni?"

Mo ní kó dákẹ́. Mo ní iṣẹ́ àga ni wọ́n gbé wá bá mi, wọn ò gbé iṣẹ́ ìjọba wá.

Èmi kò lè máa gbé irú àga bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nítorí náà pálọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan aṣọ tó wà lára àga náà, mo dúró. Àrán ni, àrán pupa, ó nípọn, ó wúwo. Ibi tí ènìyàn ń jókòó ti pá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ṣì ń dán bí ara ẹṣin. Mo ti rí àrán láyé mi. Mi ò rí irú èyí rí.

Mo ní, "Màmá, níbo lẹ ti rí èyí? Ọba ló yẹ kó fi rán agbádá. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ ká bọ́ ọ? Ẹ jẹ́ n gé ibi tó pá, n tún un tò. Èmi lè ṣe é débi pé ẹnikẹ́ni kò ní rí ojú ibi tí mo gé."

Ó ní, "Bọ́ ọ, Ọ̀gá. Búlúù ni mo fẹ́. Ọmọ mi kò fẹ́ pupa."

"Kí ni pupa ṣe é?"

"Abẹ́ aṣọ yìí ló ti ń kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé."

Bí mo ṣe ń fi ẹ̀mú fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ọ́ fún mi. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń mu tíì dúdú tí kò ní wàrà, jáàmù ló ń fi sí i. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe gílóòbù iná ló ti ṣiṣẹ́, láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Aṣọ yìí ni wọ́n ta sí iwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, tí àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ti ń dúró kọrin lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á so aṣọ pupa kékeré mọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn Kọ́múníìsì ló ń ṣèjọba nígbà náà. Wọ́n ní ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ìlú wọn tóbi débi pé ilẹ̀ a máa mọ́ lápá kan kó máa ṣú lápá kejì, ṣùgbọ́n orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ.

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin náà gbà á gbọ́?"

"A gbà á gbọ́, Ọ̀gá. Wọ́n ní tí ọmọ mi bá fi máa dàgbà, kò ní sí owó mọ́."

"Ó wá rí bẹ́ẹ̀?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi dàgbà, kò sí owó mọ́ lóòótọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lẹ́nu mi. Òun kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ òun dára.

Ó ní ìjọba náà dà wó bí ògiri tí òjò ti ń jẹ nídìí láti ọjọ́ pípẹ́. Owó tí ọkọ rẹ̀ fi pamọ́ láti ra mọ́tò, kí ó tó di pé ọdún yípo, kò ra bàtà mọ́. Ilé iṣẹ́ wọn kò rí owó oṣù san, gílóòbù ni wọ́n ń fún wọn dípò. Gbogbo ará ìlú bọ́ sójú títì nínú yìnyín, wọ́n ń ta gílóòbù fún ara wọn. Níkẹyìn, ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí kálukú mú ohun tó bá lè gbé. Ẹnì kan gbé aago ògiri. Ẹnì kan gbé orí òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ ère olórí wọn àtijọ́, ó lọ fi tẹ kábéèjì tí wọ́n ń rẹ sínú iyọ̀ kó má baà léfòó. Màmá gun àkàbà, ó sì tú aṣọ pupa ojú gbọ̀ngàn. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó kó bọ̀ nídìí iṣẹ́ tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe.

Ọkọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ìwakùsà, nítorí náà ni wọ́n ṣe wá síbí. Wọ́n kúrò lábẹ́ ìjọba kan tó wó, wọ́n bá òmíràn, ti àwọn funfun, tó ń wó lọ níbí. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kó lè parí ìwé rẹ̀. Ọmọ parí ìwé, kò wá. Ó ń ta jíǹsì nínú ọjà gbangba, ó ń ta fóònù, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní mọ́tò, ó gbé ìyàwó, ó bí ọmọbìnrin kan. Àsìkò yẹn dára, ó ní. Ìlú kún fún ìmọ́lẹ̀, ẹran àti wàràkàṣì kún inú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà ń fi fọ́tò ibi ìsinmi létí òkun ránṣẹ́.

Mo sọ fún un pé a mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣójà tò wá sórí ìlà nítorí wàrà alágolo àti ṣúgà, wọ́n fi kòbókò mú kí ìlà náà gún. Ìgbà tó yá, wàrà kún ìgboro, bàbá mi kò rí owó rà á.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tẹ́lẹ̀, owó wà, ọjà kò sí. Ìgbà tó yá, ọjà wà, owó kò sí."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Nísinsìnyí, Ọ̀gá, ṣe àga rẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, mo tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kí etí mi lè rí nǹkan gbọ́. Àwọn obìnrin kan ń jó níbẹ̀, aṣọ funfun lára wọn, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Màmá dìde, ó pa á. Mo rò pé nítorí owó iná mànàmáná ni.

Ó ní nígbà ayé àwọn Kọ́múníìsì, bí olórí ìlú bá kú, wọn kì í sọ. Ènìyàn á tan tẹlifíṣọ̀n láti wo ìròyìn, ijó yìí ni yóò bá, ijó àti orin arò, láti òwúrọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á ní òtútù ló mú bàbá díẹ̀, ó ń sinmi. Òkú rẹ̀ ti tutù nígbà náà. Kódà lọ́jọ́ tí àwọn kan fẹ́ fi tipátipá gba ìjọba kí gbogbo rẹ̀ tó dà wó, ijó yìí ni wọ́n gbé sí i. "Láti ìgbà náà, bí mo bá rí oníjó, mo máa ń bi ara mi pé ta ló kú."

Mo ní, "Kò burú bẹ́ẹ̀, Màmá. Nílé wa, a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ènìyàn."

Mo wá sọ ti ìyá mi fún un. Nígbà tí ìyá mi kú ní Iléṣà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí níbí, ó ní, "Màmá ní àwọn fẹ́ rí ọ, ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le." Mo ra oògùn ẹsẹ̀ ríro fún wọn, mo ra bùláńkẹ́ẹ̀tì kan tó mọ́lára, mo gbé e lé itan mi nínú bàálù. Mo sùn dáadáa. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wa tí mo rí àga tí wọ́n tò síta lábẹ́ àtíbàbà, ìgbà náà ni mo mọ̀. Mi ò bínú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó jẹ́ kí ìyá mi ṣì wà láàyè fún mi títí mo fi dé ilé. Ta ló tún lè fún ènìyàn ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀?

Màmá mi orí. Ó ní, "Ìwọ, òru kan ni wọ́n fi tàn ọ́. Àwa, gbogbo ọjọ́ ayé wa."

Mo dá a lóhùn pé ọwọ́ tó ń tan ènìyàn yàtọ̀ síra. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àga náà dé ìdajì. Mo ti bọ́ àrán náà tán, mo ká a jọ, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti yọ fóòmù àtijọ́, igi àga náà nìkan ló kù àti okùn tí mo ta sí i tuntun. Mo ti ra aṣọ búlúù lọ́wọ́ Àlùhájì, bàbá kan tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni àgbà àwa Yorùbá ládùúgbò náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, iná kò sí nílé wa, Màmá ní kí n bá òun gbé fóònù òun lọ fi sí iná ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé èmi ní bátìrì ńlá níbẹ̀. Kò fẹ́ kí ìpè ọmọ òun kọjá òun.

Fóònù náà dún kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbé e. Ọmọbìnrin kan ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́, ó ń sunkún. "Bàbá mi," ó ní. "Bàbá mi kò sí mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ìyá àgbà mi." Mo ní kó fara balẹ̀. Ìlà náà já. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, òòlù wà lọ́wọ́ mi, n kò rántí ohun tí mo fẹ́ fi kàn.

Nílé wa, ènìyàn kì í dá irú rẹ̀ sọ. Mo lọ bá Àlùhájì. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Kó kọ́kọ́ jẹun. Bó bá gbọ́ ọ tán, ta ni yóò fún un lóúnjẹ tí yóò gbà? Lónìí, a ó ní ara ọmọ kò yá. Lọ́la, a ó ní ó le díẹ̀. Ká máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù ẹyin. Ìwọ sì rèé, pa ẹnu rẹ mọ́. Ẹnu rẹ yìí bí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ni, kì í tì."

Mo pa fóònù náà, mo tì í sínú àpótí irinṣẹ́. Ìyàwó mi se mọ́ínmọ́ín, nítorí pé Màmá fẹ́ràn rẹ̀, ó po ògì gbígbóná sí i. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, àwa mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Ilé mi kún lónìí," ó ní.

Àlùhájì tẹrí ba. "A ní ká wá kí yín ni, Màmá. Òtútù yìí pọ̀."

"Fóònù mi ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Kò tíì kún, Màmá. Lọ́la."

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó ń rọ̀ ọ́ kó jẹ, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Màmá jẹ díẹ̀. Àlùhájì ń sọ ti òtútù Jóbọ́ọ̀gì, ó ń sọ ti táksì kan tó kọjá róbọ́ọ̀tì pupa, iná ojú títì, tó fẹ́ gbá a ní Hillbrow. Èmi kúnlẹ̀ sídìí àga, mo ń fa okùn tí mo ti fà le tẹ́lẹ̀.

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọ̀gá, o ò tíì sọ̀rọ̀."

"Mo ń sọ̀rọ̀, Màmá."

"Láti ìgbà tí o ti wọlé, o ò tíì sọ fún mi pé kò sí ẹni tó lè ṣe àga bíi tìrẹ."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wá ohun tí mo máa sọ, mi ò rí i. Èmi! Àlùhájì rí i pé mo há, ó yára bọ́ sí i: "Màmá, a gbọ́ pé ara ọmọ yín kò yá díẹ̀. Wọ́n ti gbé e dé ọsibítù, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀."

Màmá wo Àlùhájì. Ó wo ìyàwó mi, tí omi ti dúró sí lójú. Ó wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tó dúdú síbẹ̀ nítorí àìsí iná.

"Iná kò sí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ẹ̀yin gan-an lẹ wá ń jó."

Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀gá. Ṣé ó ti kú?"

Mo wo Àlùhájì, ilẹ̀ ni ó ń wò. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pè."

Àwọn tó ń bá mi wí, ibí yìí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kan ní ìkà ni mo ṣe, bí mo ṣe gbé fóònù ìyá pamọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ìyá ń jẹ mọ́ínmọ́ín nígbà tí òkú ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Àlùhájì náà ń bá mi wí di òní, ó ní ǹ bá mà ti mú un dúró di ọ̀la. Mi ò gba ti apá kankan. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa, nígbà tó sì dójú ẹ̀, mo la ẹnu mi. Kí wọ́n mú ẹnì kan wá tí yóò ṣe méjèèjì fún ìyá tí kì í ṣe ìyá rẹ̀. Àga náà wà ní pálọ̀ rẹ̀ lónìí, búlúù rẹ̀ ń tàn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fọwọ́ mi ṣe, òun ló dára jù. Ẹnikẹ́ni kò tíì sùn sí i rí.

Bí mo ṣe sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi bú sẹ́kún, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Àlùhájì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti ṣàdúà. Màmá nawọ́ síta, gbogbo wa dúró.

"Ẹ jókòó," ó ní.

Àga mìíràn kò sí tó lè gba gbogbo wa, igi àga yìí nìkan ló wà, kò ní fóòmù, kò ní aṣọ. Ó kọ́kọ́ jókòó sí i. Ó ní nílé àwọn, bí ẹnì kan bá fẹ́ rìnrìn àjò, gbogbo ará ilé á kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, kí ọ̀nà lè dára fún un. Lọ́jọ́ tí òun àti ọkọ òun ń bọ̀ níbí, ọmọ náà bá àwọn jókòó. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é padà sí ṣójà, òun wà níbí.

"Èmi kò bá a jókòó," ó ní.

A jókòó tì í lórí igi náà, Àlùhájì lápá ọ̀tún, ìyàwó mi lápá òsì, èmi létí. Okùn tí mo ta gbé wa ró. Igi ń ta mí ní itan. Ìyàwó mi fi ìborùn dí ẹnu rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn níta, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, táksì ń fun fèrè lójú títì. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, mi ò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nínú pálọ̀ náà, a ò sì tan àbẹ́là.

Nígbà tó pẹ́, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì lu orúnkún rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dìde.

"Ó tó," ó ní. "Ọmọ mi lè máa lọ."